Ọmọ Dúdú Mẹ́sàn-án Inú Ìwé Ìpolówó

"Ẹ̀gbọ́n, mẹ́sàn-án ni mo kà." Janelle tẹ́ ìwé ìpolówó ilé-ẹ̀kọ́ náà sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wà pupa àti ìrẹsì ọjọ́ Ajé. "Ọmọ dúdú mẹ́sàn-án. Ẹ mú mi lọ kí wọn kí n tó máa lọ sílé. Mọ́mì mi ní kí n fojú rí wọn."

Corinne Decuir rọra gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. Láàárọ̀ ni wọ́n ti fi ọmọ ọdún mẹ́tàlá yìí lé e lọ́wọ́ pé kí ó máa tẹ̀ lé e láti kíláàsì dé kíláàsì, bí wọ́n ti máa ń ṣe ní Saint Bibiana, ilé-ẹ̀kọ́ Corinne tí òyìnbó pọ̀ jù nínú rẹ̀, fún ẹni tó bá fẹ́ wọlé lọ́dún tó ń bọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì kékeré tí Janelle wà, níbi tí gbogbo ọmọ ti dúdú bíi tirẹ̀, yóò kógbá sílé ní oṣù Karùn-ún, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ kò tó mọ́.

Ìyáàfin Hingle, tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, ti pe Corinne sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bó bá bi ọ́ ní iye yín, ọmọ mi, sọ pé ẹ pọ̀ díẹ̀. Mo ṣì ń kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí rẹ sí yunifásítì lọ́wọ́." Ẹ̀rín músẹ́ ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ní lọ́kàn yé Corinne dáadáa.

"Wọ́n wà ní kíláàsì mìíràn," ni Corinne dáhùn.

"Èyí tó dirun yìí ńkọ́? Òun ló wù mí jù. Ó jọ ẹni tí kì í bẹ̀rù."

Corinne wo àwòrán náà. Òun fúnra rẹ̀ ni. Nínú àwọn àwòrán yòókù, òun náà ló da irun sẹ́yìn nínú ilé ìsìn, òun ló tú u sílẹ̀ kó dúró ní yàrá kẹ́mísírì, òun ló sì fi ríbọ́ọ̀nù dì í lórí pápá. Ní oṣù Kẹjọ, tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé tí Corinne sì ti jáde, ọmọ yìí yóò máa wá ẹni tí kì í bẹ̀rù kiri, kò sì ní rí i.

"Èmi ni," ó wí. "Mẹ́rin nínú wọn, èmi ni. Irun ni mo ń pààrọ̀. Mẹ́fà péré ni wá nínú irínwó ọmọ. Bí mo bá jáde, á ku márùn-ún."

Janelle pa ìwé náà dé. "Ẹ kọ́kọ́ purọ́ fún mi."

"Mo purọ́. Má bínú."

"Ṣé wọ́n ń fi yín ṣẹ̀sín ni?"

"Kì í ṣe ojoojúmọ́. Àmọ́ wọ́n máa ń bi mí bóyá bọ́ọ̀lù agbọ̀n ni mo wá gbá. N kò sì mọ̀ ọ́n gbá rárá."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Janelle. "Ẹ wá ga lásán nìyẹn."

Ní ọjọ́ kejì, ìyá Janelle pe ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó sì béèrè ìdí tí ọmọ kan ṣoṣo fi wà nínú àwòrán mẹ́rin. Ìyáàfin Hingle kò pariwo. Ó kàn sọ fún Corinne pé ọwọ́ òun ti dí, òun kò ní lè kọ lẹ́tà mọ́. Èyí tí olùkọ́ kẹ́mísírì bá a kọ dípò rẹ̀ kúrú, yunifásítì tó wù ú jù kò sì gbà á. Ó sunkún fún ọjọ́ méjì.

Ní oṣù Kẹta, Janelle tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i. "Mo ti forúkọ sílẹ̀ ní Saint Bibiana, ẹ̀gbọ́n. Mọ́mì bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó dá mi lójú. Mo ní mo mọ ibi tí mò ń lọ."

Corinne kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá yé e pé ẹni tí a bá sọ òtítọ́ fún lè yan ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ẹni tí a bá purọ́ fún, àwa la ti bá a yàn án.