Àmín Ìyá Gàníyù

Obìnrin tí gbogbo Àkúrẹ́ ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n ní alẹ́ Ọjọ́rú ni Gàníyù bá ní Ọjà Ọba, tó ń ná gaàrí. Gàníyù dúró gbagidi. Adépéjú fúnra rẹ̀ ni, àkọ́bí inú eré Ojúlé Kẹjọ, pẹ̀lú ojú tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ẹnu tó là. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ti já, ó fi okùn so ó.

"Ẹ dín in kù fún mi, mà," ni Adépéjú ń bẹ̀.

"Kí n dín in kù fún ta?" ni ológaàrí dá a lóhùn. "Ìwọ tí bàbá rẹ ní mọ́tò mẹ́ta nínú tẹlifíṣọ̀n! Lọ sọ fún un kó fún ọ lówó ọjà."

Gàníyù ò mọ ìgbà tó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, bàbá inú tẹlifíṣọ̀n kì í fúnni lówó ọjà o. Tí wọ́n bá ti ṣe eré tán, oníkálukú á gba ilé ẹ̀ lọ ni."

Adépéjú yíjú sí i. "Ta ló gbà ọ́ ní lọ́yà?"

"Ọkàn mi ni."

"Sọ fún ọkàn rẹ kó ra gaàrí náà fún mi, nígbà náà."

Ó rà á lóòótọ́. Owó ọkọ̀ tó fẹ́ fi padà sí Oda, níbi tó ti ń ṣe tíṣà, ló fi san án, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ. Ìgbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun, ń fojú ará ìlú rí màbo ni, ìjọba ò sì rántí tíṣà. Síbẹ̀, inú ẹ̀ dùn débi pé kò mọ ìgbà tó délé.

Láti ọjọ́ náà, tí Adépéjú bá ń lọ wo àwọn òbí rẹ̀ ní Oǹdó, Gàníyù á sìn ín dé gáréèjì. Wọ́n á dúró títí ọkọ̀ á fi kún, wọ́n á jẹ́ kó lọ, wọ́n á tún máa dúró de òmíràn.

"Tíṣà mi, kí ló dé tó ò ń wò mí báyìí? Ẹ̀rù ń bà mí."

"Èmi gan-an lẹ̀rù ń bà, olólùfẹ́ mi. Mò ń rò pé ẹnì kan á pa tẹlifíṣọ̀n náà."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo Ojúlé Kẹjọ nígbà tó dùn, ẹ bá mi jẹ́rìí. Gbogbo àdúgbò á pa lọ́lọ́. Bàbá Ògúnníyì tó ń ṣe bàbá ilé kàn máa wúkọ́ lásán ni, àwọn èèyàn á ti máa yí gbirigbiri nílẹ̀. Àfi bí owó ṣe tán. Obìnrin tó ń ṣe ìyá ilé bá ti ẹ̀ lọ sí Èkó. Lọ́sẹ̀ kejì, obìnrin mìíràn jókòó sórí àga rẹ̀, àwọn ọmọ ń pè é ní Màmá, ẹnikẹ́ni ò sì sọ nǹkan kan. Wọ́n rán àbíkẹ́yìn ní kẹrosíìnì, títí dòní kò tíì dé. Bí ìjà bá le láàárín tọkọtaya, wọ́n á mú ọṣẹ jáde, wọ́n á máa polówó ẹ̀. Àwọn èèyàn wá ń dìde lọ pọnmi bí eré bá ń lọ lọ́wọ́.

Ìyá Gàníyù kò dìde ní tiẹ̀. Opó ni Ṣàkírátù, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ l'Ákùúrẹ́, Gàníyù nìkan ló sì bí. Ó ní òun ò ní pa ẹni tó ti múnú òun dùn tì nítorí pé ìyà ń jẹ ẹ́.

Nígbà tí àwọn tó ń ṣe eré náà wá ọgbọ́n tì, wọ́n ní kí Adépéjú ṣègbéyàwó nínú eré. Ẹnikẹ́ni ò kọ ohun tí bàbá ìyàwó máa sọ sílẹ̀. Bàbá Ògúnníyì bá gbé ọwọ́ lé orí Adépéjú, ó ń ṣàdúrà bó ṣe ń tọkàn rẹ̀ wá, omijé ń dà lójú ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó dáa nínú eré náà lọ́dún yẹn nìyẹn, ó sì mi gbogbo wa jìgìjìgì. Ṣàkírátù tẹ́wọ́ méjèèjì nínú pálọ̀ rẹ̀, ó ń ṣe àmín kíkan kíkan.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Gàníyù mú Adépéjú wálé.

"Màmá, ìyàwó tí mo fẹ́ fẹ́ rèé."

Ìyá na ọwọ́ láti gbá a mọ́ra, ọwọ́ náà sì rọ wálẹ̀. "Ìyàwó oníyàwó?"

"Màmá, eré ni!"

"Ṣé mo ní mi ò mọ̀ péré ni? Àdúrà yẹn kì í ṣeré. Omijé bàbá yẹn kì í ṣeré. Mo ti ṣe àmín sí i pé kó jókòó pẹ́ nílé ọkọ ẹ̀. Ṣé kí n wá gbà á sílé tèmi?"

Adépéjú ti kúnlẹ̀. "Àbí torí pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí ni, mà?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì kẹ̀? Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ nílé wa. Àmín mi ni mò ń wí."

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Gàníyù kò lè fẹ́ ìyàwó tí ìyá rẹ̀ ò súre fún, Adépéjú náà sì ní òun ò ní wọlé tí wọn ò ti kí òun káàbọ̀. Adépéjú bẹ àwọn tó ń ṣe eré kí wọ́n tú ìgbéyàwó náà ká lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ṣèlérí. Kó tó di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dá, wọ́n ti gbé Ojúlé Kẹjọ kúrò lórí afẹ́fẹ́. Adépéjú wá di ìyàwó tí kò sẹ́ni tó lè kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ó kó lọ sí Oǹdó. Gàníyù ń lọ wò ó.

"Péjú mi, má jẹ́ kó sú ọ."

"Ká ní ó ti sú mi ni, ṣé wàá bá mi nílé?"

Lọ́jọ́ kan Adépéjú gbéra, ó lọ sí Ilu-Abo, níbi tí Bàbá Ògúnníyì ti ń gbin ẹ̀gẹ́ jẹun. Bàbá ò fẹ́ wá sígboro mọ́, torí àwọn èèyàn ń fi eré tó bàjẹ́ náà ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Àmọ́ nígbà tó gbọ́ ohun tí Adépéjú bá wá, kò tilẹ̀ pààrọ̀ aṣọ oko.

Ṣàkírátù ń ká aṣọ nígbà tó gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilé Ìyá Gàníyù nìyí?" Ohùn tó máa ń gbọ́ nínú tẹlifíṣọ̀n ló dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, Adépéjú sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Gàníyù náà sáré jáde láti inú yàrá.

"Ìyá Gàníyù," ni bàbá wí, "èmi ni mo súre, ẹ̀yin lẹ ṣe àmín. Àwa méjèèjì la jọ so ó. Mo wá bẹ̀ yín ni, ká jọ tú u." Bàbá arúgbó náà na gbalaja sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ṣàkírátù figbe ta. "Mo gbé! Bàbá, ẹ dìde! Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi!" Ó kúnlẹ̀, ó ń fà á lápá, ẹkún gbà á lẹ́nu. "Ta ló ń gbé ọmọ ẹ̀ wá bẹ ilé ọkọ? Àwa ló yẹ ká wá dọ̀bálẹ̀. Àwa là ń tọrọ."

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Gàníyù, kí lò ń wò? Dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ!"

Gàníyù dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Adépéjú sì bú sẹ́kún. Ní Sátidé, Ṣàkírátù kó àwọn ẹbí rẹ̀ jọ, wọ́n gba ọ̀nà Oǹdó lọ tọrọ Adépéjú lọ́wọ́ Akínbọ̀wálé, bàbá tó bí i gan-an.