Ẹni Tó Sin Àbúrò Rẹ̀ Lọ Yẹ Ọmú Wò

Wàsílátù ń wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan nílé wọn ní Mafoluku, ni ọwọ́ rẹ̀ bá kan nǹkan nínú ọmú òsì. Ó le bí ẹ̀wà tí kò tíì jinná. Ó tẹ̀ ẹ́, kò dùn ún. Àyà rẹ̀ já.

Kò sọ fún Teslim, ọkọ rẹ̀. Tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ńkọ́? Tí wọ́n bá ní àwọn máa gé ọmú náà ńkọ́? Tó bá jókòó sídìí maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á tún yọ́ wọ abẹ́ bùbá, bóyá kókó náà ti lọ. Kò lọ.

Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó gba ilé Ameenat, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, lọ ní Èjìgbò.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ kàn án."

Ameenat fọwọ́ kàn án. Ojú rẹ̀ yí padà, àmọ́ ó fi ẹ̀rín bò ó. "Bóyá omi ọmú ló dì síbẹ̀. Máa fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́."

"Omi ọmú kẹ̀? Ọmọ mi tó kéré jù ti ń lọ iléèwé!"

Ameenat tún fọwọ́ kan kókó náà.

"Ó dáa," ni Ameenat wí. "Lọ́la, a jọ ń lọ sọ́sípítù ni. O ò ní dá lọ."

Ní ọsípítù ìjọba kan ní Ìsọlọ̀, Nọ́ọ̀sì Adébímpé yẹ Wàsílátù wò. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá. Kì í ṣe gbogbo kókó ló ń jẹ́ jẹjẹrẹ, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò lè fojú mọ̀ ọ́n. Wọ́n á fi ẹ̀rọ síkáànì wo inú rẹ̀, wọ́n á sì fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò."

Ó wá yíjú sí Ameenat. "Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Ìgbà wo lẹ yẹ ọmú yín wò kẹ́yìn?"

"Èmi? Kò sóhun tó ń ṣe mí o. Àbúrò mi ni mo sìn wá."

"Ẹ ti lé lógójì ọdún, àbí? Ìgbà tí nǹkan ò tíì ṣeni gan-an ló yẹ kéèyàn yẹ̀ ẹ́ wò."

Ameenat fẹ́ fajú ro. Wàsílátù di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àǹtí mi, ẹ ṣe é nítorí tèmi. Ẹ̀rù ń bà mí." Ó gbà. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò Wàsílátù, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọmú Ameenat.

Wàsílátù sọ fún Teslim nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "O wá ń dá irú èyí rò?" lọkọ rẹ̀ bi í. Òun náà tẹ̀ lé wọn lọ gba èsì.

Kókó Wàsílátù kì í ṣe jẹjẹrẹ. "Alihamudulilai!" ló wí, ó sì bú sẹ́kún. Àmọ́ dókítà tó ka èsì náà fún wọn ò tíì rẹ́rìn-ín.

"Màmá," ó wí fún Ameenat, "àwòrán yín fi nǹkan kékeré kan hàn, ọwọ́ ò lè bá a. A gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa."

Nígbà tí wọ́n yẹ ti Ameenat wò, jẹjẹrẹ ni. Àmọ́ kò tíì tàn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ìwọ̀nba ibi tí àrùn wà ni wọ́n gé. Ó ṣì ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́, ẹ̀rù ṣì máa ń bà á ní gbogbo ìgbà tó bá ń lọ. Wàsílátù ló ń sìn ín lọ báyìí.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mọ bí ọmú yín ṣe rí. Tẹ́ ẹ bá rí kókó níbẹ̀ tàbí lábíyá, tí awọ ọmú bá ń fà wọnú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lórí ọmú, ẹ lọ sọ́sípítù kíákíá, ì báà má dunni. Tẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ máa ya àwòrán ọmú. Bí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí, ẹ tètè sọ fún dókítà. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá ìyàwó yín lọ. Ẹ má dúró dìgbà tó bá ń dunni.