Orúkọ Ẹni Tó Kọ́ Ilé Inú Awò

"Wọ ẹ̀wù yìí, kí o sì lọ dúró sẹ́yìn," ni ìyá ọkọ Myeong-ok wí, ó sì ju ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ̀ sí i láyà. "Ojú ẹ ò ṣe é fi han àlejò. Ye-rim ló máa dúró ti ọmọ mi lónìí."

"Ìyá, èmi ni mo kọ́ ilé tí wọ́n fẹ́ wá wò."

"Ta ló bi ẹ́? Ìyàwó rere kì í bá ọkọ ẹ̀ du ògo."

Ye-rim dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń tún táì Dong-cheol, ọkọ Myeong-ok, ṣe lọ́rùn. Ẹ wo àìnítìjú! Ọmọ àbúrò ìyá Myeong-ok ni o. Myeong-ok ló mú un wá sí Seoul láti Mokpo, tó fún un ní yàrá, tó sì wáṣẹ́ fún un. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà.

Ọdún mẹ́ta ni Myeong-ok fi kọ́ ilé náà. Ilé ìyá rẹ̀ àgbà ni, tí wọ́n ti wó lulẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi kọ̀ǹpútà tún un yà sínú awò dúdú kan: ẹni tó bá gbé e bojú á tún bá ara rẹ̀ lágbàlá, láàárín àwọn ìkòkò sóyà. Ní ìpàtẹ ẹ̀rọ ti ọdún yìí, Dong-cheol ń sọ fún gbogbo ayé pé Ye-rim ló kọ́ ọ. Ìwé kan sì wà nínú àpò Dong-cheol tí Myeong-ok máa bu ọwọ́ lù nírọ̀lẹ́, láti yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ náà pátápátá. Nítorí àlàáfíà ilé ni, ó ní. Myeong-ok sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà.

Ní gbọ̀ngàn ìpàtẹ, ó ń fi òwú nu awò lẹ́yìn àlejò kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí ń kọjá, ó dorí kodò kí wọ́n má baà dá a mọ̀. Ìtìjú bò ó débi pé omi ò dá lójú rẹ̀.

Ọ̀sán ni Dong-cheol gun pèpéle láti fi ilé náà han èrò. Ó gbé awò bojú, ó fi ẹ̀rọ ìgbóhùn dí etí, kò rí ẹnikẹ́ni, kò sì gbọ́ ohùn èrò mọ́. Ye-rim tó yẹ kó máa di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú ti sáré lọ pàdé àlejò pàtàkì kan láti Osaka. Dong-cheol ń rìn lọ sí etí pèpéle láìmọ̀. Myeong-ok sáré gòkè, ó di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú.

"Yeobo," ni Dong-cheol wí jẹ́jẹ́.

Aya ẹni nìkan ni ọkùnrin ń pè bẹ́ẹ̀, ó sì ti tó ọdún méjì tí Myeong-ok ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Inú rẹ̀ dùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í rẹ́rìn-ín.

Dong-cheol tẹ àwòrán ẹnu tó ń rí nínú awò, kí ohùn rẹ̀ má baà jáde. Ohùn inú awò nìkan ni ìyẹn pa. Ẹ̀rọ kékeré tó wà lọ́rùn aṣọ rẹ̀ ló ń gbé ohùn rẹ̀ jáde fún gbogbo gbọ̀ngàn, iná pupa rẹ̀ sì ń fi hàn pé kò tíì kú. Myeong-ok rí i. Ó na ọwọ́ láti pa á.

"Jẹ́ kí òmùgọ̀ yẹn bu ọwọ́ lùwé ná," ni ọkọ rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Òun ló kọ́ gbogbo ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ta ló máa mọ̀? Tó bá di ọ̀la, mo máa dá a padà sí Mokpo. Ìwọ ló máa jókòó sílé mi."

Ọwọ́ Myeong-ok dúró lófuurufú. Inú rẹ̀ tó dùn lẹ́ẹ̀kan wá di ìtìjú tó jó o lára. Kò pa ẹ̀rọ náà.

Gbogbo èrò yíjú sí pèpéle. Lẹ́nu ọ̀nà, Ye-rim fi ọwọ́ bojú, ó sá. Ìyá Dong-cheol wá sí ìdí pèpéle, ó dúró níwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó tàbùkù sí láàárọ̀, ó tẹríba títí iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan eékún. "Dárí jì mí," ló ń sọ, kò lè gbórí sókè. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Dong-cheol ṣí awò, ó rí ojú igba ènìyàn, ó sì rí ẹni tó di òun mú.

Àlejò Osaka dé etí pèpéle. Ó ti mú káàdì orúkọ rẹ̀ jáde fún Dong-cheol, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kò tíì fún un. "Ta ló kọ́ ilé yìí?"

"Ìyàwó mi ni," ni Dong-cheol kùn.

"Mo ní orúkọ," ni Myeong-ok wí. "Sọ ọ́."

"Cha Myeong-ok," ni Dong-cheol wí, gbogbo gbọ̀ngàn sì gbọ́ ọ. Àlejò yí káàdì náà sí Myeong-ok, ó sì tẹríba.