Òórùn Irun Jíjó

Irun jíjó ni yàrá wa ń rùn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò dáná. Mo gbọ́n ibùsùn, mo fọ ilẹ̀, mo tilẹ̀ bá ọkọ mi jà pé ó ń jó nǹkan lẹ́yìnkùlé. Ó ní, "Ìyá Fúnkẹ́, imú ẹ ni kò dáa." Díẹ̀ ló kù kí n gbà á gbọ́.

Ìyá ọkọ mi, Ṣàkírátù, ló máa ń jó irun òkété nílé wa ní Oju Ore. Múìdéènì ọkọ mi a máa dẹ pàkúté sínú igbó tó wà lẹ́yìn iléeṣẹ́ tó ń ṣọ́ ní Agbara. Tó bá ti dé, Ìyá á tiro jáde, wọn ò ní jẹ́ kí ẹran náà wọlé àfi tí iná bá ti ra irun rẹ̀. "Ohun tó ń gbé inú irun ẹran ìgbẹ́ kì í ṣe àlejò ẹni," bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn. Ìyá kú, a sin wọ́n kí ààwẹ̀ tó wọlé. Lẹ́yìn náà, àwọn oníbàárà wa ní Iyana Iyesi ní àwọn fẹ́ rí irun lára òkété, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe májèlé ló pa á. La bá ń kó o sínú agbọ̀n bẹ́ẹ̀, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí Fúnkẹ́mi, ọmọ wa kan ṣoṣo, ń sùn lé.

Obìnrin kan, Susanna, wá láti yunifásítì. Ó bẹ̀ mí kí n jẹ́ kó fi búrọ́ọ̀ṣì ya irun àwọn òkété náà, kó kó kòkòrò ara wọn sínú ìgò. Ẹni tí kò ra ẹran, tó ń ṣa eégbọn ara rẹ̀, kí ló fẹ́ fi ṣe bí kò ṣe oògùn ìkà? Mo bú u, mo lé e lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ara Fúnkẹ́mi gbóná. A lo oògùn ibà, a lo ti táífọ́ọ̀dù, ara kò tutù. Ọmọ ò da èèyàn mọ̀ mọ́. Òórùn yẹn wá ń le sí i. Ẹ̀rù bà mí, mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Nírọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀, Susanna tún dé, ó ń mí hẹlẹ. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n wo abíyá ọmọ yín."

Mo gbé apá Fúnkẹ́mi sókè. Egbò dúdú kékeré kan wà níbẹ̀ tí n kò rí rí. Susanna rọra sọ pé kòkòrò pupa kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́, tó ń gbé ara eku ìgbẹ́, ló jẹ ẹ́. Àwọn ní yunifásítì ti kó irú rẹ̀ lára òkété ládùúgbò, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì bá kòkòrò àrùn nínú rẹ̀. Ó ní oògùn rẹ̀ wà.

A sáré gbé ọmọ lọ sọ́sípítù, Susanna ṣàlàyé fún dókítà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Fúnkẹ́mi bèèrè ẹ̀kọ àti àkàrà. Ọkàn mi balẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi ń wò mí.

Mo bẹ Susanna kó má bínú. "Ta ló sọ fún ẹ pé kó o wo abíyá?"

"Màmá yín ni mà. Àwọn ló wá bá mi níbi iṣẹ́."

"Màmá wo?"

"Màmá tó ń tiro díẹ̀, tí eérú kún ọwọ́ wọn. Ẹ má bínú o, wọ́n ń rùn bí irun jíjó."

Múìdéènì di ọwọ́ mi mú.

Àwa méjèèjì jọ lọ kó aṣọ ọmọ nílé. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn lánàá, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tá a ní kò sì kúrò lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo ṣí i, yàrá kò rùn mọ́. Agbọ̀n tá a fi sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé la ti bá eérú rẹ̀, ó ṣì gbóná.

Mo kúnlẹ̀ síwájú eérú náà. "Ìyá," mo ní, "ẹ kú iṣẹ́ o."