Ẹyin Tí Adìyẹ Ń Sàba Lé

Láwùmí ń ka ìwé ìtàn tó yá lọ́wọ́ olùkọ́ kan nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró níwájú ilé wọn ní Agbowó, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ òfìfo lọ́wọ́. Nínú ìwé náà, òdòdó ni ọkùnrin máa ń gbé wá.

"Ẹ káàsán, mà," ó kí ìyá Láwùmí, tó jókòó ti igbá ẹyin rẹ̀. "Ẹyin ni mo fẹ́ rà. Ṣùgbọ́n èyí tí adìyẹ ti ń sàba lé ni mo fẹ́."

Màmá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé o fẹ́ jẹ ẹ́ ni?"

"Rárá o, mà. Iṣẹ́ ni mo fẹ́ fi ṣe."

"Iṣẹ́ wo? Gbogbo Agbowó ló mọ̀ pé n kì í ta ẹyin tí adìyẹ ti sàba lé. Inú omi ni mo ti ń dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí n tó tà á. O fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́. Máa lọ."

Láwùmí rẹ́rìn-ín títí ìwé fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá a mú un, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù. "Gbádérọ̀ lorúkọ mi," ó wí jẹ́jẹ́. Láwùmí gba ìwé náà, ṣùgbọ́n kò kà á mọ́.

Láwùmí ní adìyẹ tirẹ̀ tó ń jẹ́ Abilà, tó ń sàba lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí Gbádérọ̀ tún ń kọjá, Láwùmí yọ ẹyin kan lábẹ́ adìyẹ náà fún un. Gbádérọ̀ gbé e sí ojú oòrùn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ká a.

"Wò ó."

Iṣan pupa tín-ín-rín tàn ká inú rẹ̀, ojú dúdú kékeré kan sì wà láàárín.

"Ó wà láàyè," ni Láwùmí wí.

"Ìdí tí mo fi ń wá a nìyẹn. Ọ̀fìnkìn tuntun kan ti bẹ́ sílẹ̀ ní Họ́ńkọ́ńgì, ó sì ń le lára àwọn arúgbó. Inú ohun tó wà láàyè nìkan ni kòkòrò rẹ̀ ti lè dàgbà. A ó fi òwú nu ọ̀fun aláìsàn, a ó fi ohun tí a bá rí sínú ẹyin. Tó bá ti dàgbà, a ó gbé e sínú fúláàsì yìnyín, ó di inú bàálù, ó di Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń fi tiwọn ránṣẹ́ síbẹ̀. Wọn á fi wọ́n wéra, kí wọ́n lè mọ irú abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọn yóò ṣe. Àwọn adìyẹ tí à ń sìn fún iṣẹ́ àyẹ̀wò ní ọsibítù wa kò yé ẹyin tó, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kiri."

"Ohun tó bá hù nínú ẹyin Abilà yóò dé Lọ́ńdọ̀nù?"

"Yóò débẹ̀. Èmi nìkan ni kò ní í lọ."

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni Láwùmí wí, ojú sì tì í.

Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á rìn títí dé ọ̀nà Bódìjà, Gbádérọ̀ á máa pè é ní àyànfẹ́ òun. Ẹyin Abilà sì ń dín kù. Kí adìyẹ má baà kúrò lórí ìtẹ́, Láwùmí ṣa òkúta funfun sábẹ́ rẹ̀. Abilà sàba lé òkúta tọkàntọkàn.

Ọjọ́ tí Màmá lọ wò ó bóyá ọmọ ti jáde, òkúta ló bá.

"Láwùmí, ìgbà wo ni òkúta yóò di òròmọdìyẹ?"

Láwùmí jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ìfẹ́. Màmá kò pariwo. "Ẹni tó ń kó ọmọ lábẹ́ ìyá wọn, ṣé òun ni màá fi ọmọ tèmi fún? Kó má tẹ ilé yìí mọ́."

Láwùmí sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Bàbá rẹ̀ ti kú, Màmá nìkan ló ní. Kò lè fẹ́ Gbádérọ̀ láìjẹ́ pé Màmá gbà, kò sì fẹ́ ẹlòmíràn.

Kò pẹ́ tí ọ̀fìnkìn náà fi wọ Ìbàdàn. Màmá dùbúlẹ̀, ara rẹ̀ gbóná, ó ń wúkọ́. Láwùmí ránṣẹ́ sí Gbádérọ̀. Ó dé pẹ̀lú igi òwú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ìloro.

"Ẹ ní kí n má tẹ ilé yìí, mà. Ìta ni mo wà."

Ẹ̀rín gbé ikọ́ Màmá sókè. "Kí lo tún wá kó?"

"Mi ò wá kó nǹkan kan, mà, mo wá tọrọ ni. Ẹ jẹ́ kí n nu ọ̀fun yín, kí ẹ sì fún mi ní ẹyin tí adìyẹ yín ń sàba lé. Iná lọ níbi iṣẹ́ wa, gbogbo ẹyin tí à ń fi ẹ̀rọ mú gbóná ló ti tutù. Bí n kò bá rí òmíràn lónìí, ohun tí mo bá rí lọ́fun yín á ṣòfò."

"Àwọn ará Họ́ńkọ́ńgì tí Láwùmí ní ọ̀dọ̀ wọn ni àìsàn yìí ti wá, ṣé wọ́n mọ̀ mí?"

"Wọn ò mọ̀ yín, mà. Ṣùgbọ́n àwọn ló kọ́kọ́ fi tiwọn ránṣẹ́, kí àwa tó kù lè múra sílẹ̀."

Màmá rọra dìde jókòó. "Wọlé," ó wí, ó sì la ẹnu.

Nígbà tó nu ọ̀fun rẹ̀ tán, Màmá mirí. "Nínú ìdílé wa, ikọ́ mi ló máa kọ́kọ́ wọ bàálù. Láwùmí, kó ẹyin abẹ́ adìyẹ mi fún un. Fi díẹ̀ sílẹ̀ o, kí ìyá wọn má baà ṣọ̀fọ̀." Ó yíjú sí Gbádérọ̀. "Èyí tí o kó lábẹ́lẹ̀ ló bí mi nínú. Èyí tí o tọrọ, ó ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́."

Gbádérọ̀ tún dọ̀bálẹ̀. "Ó ku ẹyọ kan tí mo fẹ́ tọrọ, mà."

Láwùmí sá wọ yàrá.

"Jẹ́ kí ikọ́ yìí lọ ná," ni Màmá wí. "Lẹ́yìn náà, mú àwọn òbí rẹ wá."

Nígbà tí ohun inú ẹyin náà dàgbà, Láwùmí sin Gbádérọ̀ dé ibùdókọ̀ ní Challenge, níbi tó ti wọkọ̀ gbé fúláàsì lọ sí pápákọ̀ bàálù ní Ìkẹjà. Èsì padà wá láti Lọ́ńdọ̀nù pé ti Họ́ńkọ́ńgì gan-an ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ẹni tí Màmá kò sọ fún. "Wọ́n mọ ikọ́ mi ní Lọ́ńdọ̀nù," ló máa ń wí.

Ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, Màmá gbé apẹ̀rẹ̀ kan lé ìyàwó lọ́wọ́. Abilà ló wà nínú rẹ̀, lórí ẹyin tuntun.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbọ́. Eléyìí kì í ṣe ti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ jẹ́ kó sàba títí ọmọ rẹ̀ yóò fi jáde."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ní ilé wọn ní Mọ́kọ́lá, Láwùmí bá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tó gbé ẹyin kan sí ojú oòrùn.

"Gbádérọ̀."

"Mo kàn ń wò ó ni, àyànfẹ́ mi," ó wí, ó sì rọra dá a padà sábẹ́ ìyá rẹ̀.