Ìfẹ́ Ìdí Ìtàgé

Bàtà ló fa apòògùn àti jórinjórin pọ̀.

Òjò tí ẹnikẹ́ni ò retí ti rọ̀ láàárọ̀, pápá tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún orin sì ti di ẹrẹ̀. Bí apòògùn ṣe ń tẹ̀lé àbúrò rẹ̀ obìnrin kọjá lẹ́yìn ìtàgé, ẹrẹ̀ gba bàtà kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gbé e mì káló.

Kò tilẹ̀ fẹ́ wá tẹ́lẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu fi fẹ́ bó. Ẹ̀yìn gíláàsì ilé ìwòsàn ló ń jókòó sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tó ń fún àwọn aláìsàn lóògùn. Wọn a tẹ ẹnu mọ́ ihò kékeré ara gíláàsì náà, wọn a sì máa sọ ohun tó ń ṣe wọ́n fún un wúyẹ́wúyẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ti mọ́ ọn lára. Ariwo pápá yìí ń lù ú láyà.

Ọkùnrin kan tó ń de irin mọ́ irin lókè ìtàgé rí i níbi tó dúró lẹ́sẹ̀ kan bíi lékeléke. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ ẹrẹ̀ dé ìgúnpá, ó sì fa bàtà náà jáde.

"Ẹ má bínú," ó ní, "kò jọ bàtà mọ́."

"Kí ló wá jọ?"

"Ó jọ òkú ẹja."

Apòògùn bú sẹ́rìn-ín kó tó mọ̀ pé òun ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà sọ fún un pé jórinjórin lòun, pé òun àti ẹgbẹ́ òun ló ń to ìtàgé fáwọn olórin láti pápá kan bọ́ sí òmíràn.

"Ibo lẹ ti ń gbọ́ orin látàárọ̀?"

"Iwájú pátápátá. Àbúrò mi ló ní ibẹ̀ ló dáa jù."

"Ó tàn yín jẹ. Ẹ jẹ́ kí n fi ibi tí orin wà hàn yín."

Ó mú àwọn méjèèjì lọ sí àárín pápá, lẹ́yìn àgọ́ àwọn tó ń ṣètò ohùn. Obìnrin olóhùn iyọ̀ kan jáde sórí ìtàgé, ó kọ ẹsẹ̀ kan, ó sì dákẹ́. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn tí kò mọra rí bá gba ègbè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo irun ara apòògùn dìde. Òun tí kì í kọrin nínú ilé ìwẹ̀ pàápàá, ó bá ẹnu ara rẹ̀ nínú orin.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa ń mú ni," ni jórinjórin wí. "Ó ti mú yín nìyẹn."

Kì í ṣe orin nìkan ló mú un.

Láti ìgbà náà, bí iṣẹ́ bá ti fún apòògùn láyè, ẹ̀gbẹ́ jórinjórin ló ń wà. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ṣùgbọ́n apòògùn rí ẹnu àáké náà dáadáa kó tó jẹ oyin. Ó sùn nínú àgọ́ tí omi ń jò wọ̀. Ó tò títí ẹsẹ̀ fi wú níwájú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó yẹ kéèyàn di imú kó tó wọ̀. Oòrùn bó o lẹ́jìká, olè yọ fóònù rẹ̀ lápò nígbà tó ń jó lọ́wọ́. Bó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, ojú rẹ̀ a pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, àwọn aláìsàn a sì máa bi í bóyá òun náà ti lo oògùn.

Síbẹ̀, tí wọ́n bá ti tan iná ìtàgé, tí jórinjórin bá na ọwọ́ sí i, tó ní, "Ọ̀wọ́n mi, ó ti yá," kò sí ìyà kan tó ń rántí mọ́.

Apá òsì ni jórinjórin máa ń ní kó rìn sí nígbà gbogbo. "Ibẹ̀ lọkàn wà," ló máa ń wí. Apòògùn gbà á gbọ́, ó sì dùn mọ́ ọn.

Ọjọ́ tó mú un lọ sílé láti fojú rinjú pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀ ni nǹkan dàrú. Ilé ìkàwé ni bàbá apòògùn tọ́jú títí ó fi fẹ̀yìn tì, ohùn ilé ìkàwé náà ló sì bá a wálé. Tí Bàbá bá ń bínú gan-an, ẹni tó bá súnmọ́ ọn ló máa mọ̀. Ìyá gbé kéèkì síwájú àlejò, Bàbá jókòó sápá ọ̀tún rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti kíra, Bàbá rọra béèrè pé:

"Ọmọ mi, ṣé o ti níyàwó rí?"

Jórinjórin tẹrí ba tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Méjì ni. Wọ́n dùn gan-an, sà."

Ìyá wo Bàbá, Bàbá wo Ìyá.

"Tí kò bá ní ni yín lára," ó fi kún un, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, "màá ṣì gba ẹyọ kan sí i."

Ìyá gbé àwo kéèkì kúrò níwájú rẹ̀.

Lójú ọ̀nà, apòògùn ń rò ó pé apá ọ̀tún jórinjórin ni Bàbá ti bi í ní ìbéèrè náà. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọkọ̀ wà, ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó bọ́ sápá ọ̀tún rẹ̀, ó sì fi ohùn tó ń lò lẹ́yìn gíláàsì sọ pé, "Mi ò fẹ́ ọ mọ́."

Jórinjórin ń wá kọ́kọ́rọ́ lápò. Kò wẹ̀yìn.

Omijé bọ́ lójú apòògùn. Ó wá síwájú rẹ̀. "Ìgbà wo ni etí yẹn ti lọ?"

Ọkùnrin náà dúró bí igi. "Ó pẹ́," ó ní. "Ìdí sípíkà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti kékeré. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá sọ, wàá sá."

"Etí rẹ kọ́ ló ń dùn mí. Ọkàn tó o ní ó wà lápá òsì ló ń dùn mí."

Ó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà elétí nílé ìwòsàn wọn. Dókítà ò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ti ọ̀tún ti lọ ná. Ti òsì ṣì wà, ṣùgbọ́n tí kò bá jìnnà síbi ariwo, yóò bá èkejì rẹ̀ lọ.

"Kí n fi orin sílẹ̀?" ni jórinjórin wí bí wọ́n ti jáde. "Kí ló máa wá kù lára mi?"

"Èmi," ni apòògùn dá a lóhùn.

Jórinjórin bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí pápá mìíràn, apòògùn sì padà sẹ́yìn gíláàsì rẹ̀.

"Jẹ́ kó máa lọ," ni Ìyá wí nígbà tí apòògùn ròyìn ọ̀rọ̀ etí náà fún wọn. "Sípíkà nìyàwó rẹ̀. Orogún irin lo fẹ́ bá jà?"

"Èmi náà kì í sọ̀rọ̀ sókè," ni Bàbá sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, jórinjórin dé láìránṣẹ́ ṣáájú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá àti Ìyá.

"Ẹ jọ̀ọ́, etí ọ̀tún mi ò gbọ́ràn. Mi ò jẹ́wọ́ fún yín, ẹ forí jì mí. Mi ò níyàwó rí. Mo rò pé kéèkì tí mo jẹ ni Bàbá ń béèrè."

Ìyá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

"Mo ṣì ń to ìtàgé," ló ń bá a lọ. "Ṣùgbọ́n kí olórin àkọ́kọ́ tó gùn ún, mo ti kúrò lórí pápá. Mo ti bá ọ̀gá mi sọ ọ́, ó sì gbà."

"Ta ló wá yí ọ lérò padà?" Ìyá béèrè.

"Kò sẹ́nì kan, mà. Mo dúró sídìí ìtàgé, mo rí ẹnu àwọn èèyàn tó ń ṣí. Ohun tí mo gbọ́ dà bí omi tó ń mì nínú ìgò. Mo wá rò ó pé lọ́jọ́ kan, bí ohùn ọmọ yín náà ṣe máa rí létí mi nìyẹn. Mo lè pàdánù orin. Ohùn rẹ̀ ni mi ò lè pàdánù."

Apòògùn ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Bàbá dìde. Ó bọ́ sápá òsì ọkùnrin náà, ó kó èémí jọ, ó sì fi ohùn tí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà kò gbọ́ rí pariwo:

"ÌGBÀ WO LẸ FẸ́ ṢÈGBÉYÀWÓ?"

Aládùúgbò kan kí wọn kú oríire láti ojú fèrèsé tirẹ̀.

Ìgbéyàwó náà ò lariwo. Àbúrò ìyàwó kàn ta gìtá díẹ̀, wọ́n jẹun, oníkálukú sì gba ilé lọ.

Kò pẹ́ sí i ni tọkọtaya náà jọ lọ síbi àjọ̀dún orin ńlá kan. Jórinjórin mú irin tó kẹ́yìn le, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, wọ́n sì wọ ọkọ̀. Èrò ń wọ́ bọ̀, wọ́n ń jó bọ̀. Àwọn méjèèjì nìkan ló ń jáde. Bí wọ́n ti dé ojú títì, apòògùn gbọ́ ìlù àkọ́kọ́ lẹ́yìn wọn, ọkàn rẹ̀ fà sí i débi pé ó di àga mú.

"Ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?" ọkọ rẹ̀ béèrè.

Ì bá rọrùn láti sọ pé rárá.

"Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀wọ́n mi."

Jórinjórin mi orí. Ó wakọ̀ díẹ̀ sí i kó tó tún sọ̀rọ̀.

"Èwo ni wọ́n ń kọ?"

Apòògùn yí gíláàsì ọkọ̀ sísàlẹ̀, ó yọrí síta sínú afẹ́fẹ́, ó sì tẹ́tí sílẹ̀ fún un.