Ta Ló Ń Gé Igi Ojú Ọ̀nà Ewúrẹ́?

Oṣù kẹfà ni. Yìnyín ti yọ́ tán ní ìsàlẹ̀ òkè, Vroni sì ti wà nídìí ayùn láti àárọ̀. Igi mẹ́rìnlélógún ló dùbúlẹ̀ gbọọrọ sójú Ọ̀nà Ewúrẹ́ lọ́dún yẹn. Ó ń gé wọn, ó ń yí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi ṣọ́bìrì kó òkúta. Iṣẹ́ tí ìlú wọn ní ilẹ̀ olókè Tirol gbà á sí nìyẹn: kó máa tún ọ̀nà tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ṣe.

Gebhard já dé lórí kẹ̀kẹ́, ó tẹ bíréèkì, eruku bo Vroni lójú. Gebhard ni olórí ẹgbẹ́ wọn, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun òkè. Tíṣà ni, kò sì sẹ́ni tó lè bá a sáré ní gbogbo àfonífojì náà.

"Vroni, o ò tíì ṣe tán? Àbí o fẹ́ fi igi yìí kọ́lé ni?"

"Bọ́ sílẹ̀ kí o wá bá mi gbé e."

"Ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kì í fi kẹ̀kẹ́ fo àpáta. Ọ̀lẹ ni ọ́."

Gebhard rẹ́rìn-ín, ó gba ibòmíì lọ. Oṣù kẹsàn-án ló tó padà wá, nígbà tí ọ̀nà ti mọ́ tónítóní bí ilẹ̀ tí wọ́n gbá. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà: Gebhard ló ṣíwájú, Burgi ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, Lenz àbúrò Vroni tẹ̀ lé Burgi, Vroni sì wà lẹ́yìn.

Ní ìdajì ọ̀nà, igbó là sí méjì. Koríko nìkan ló wà níbẹ̀, ó fẹ̀, ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti abẹ́ àpáta lókè títí dé odò nísàlẹ̀. Igi kan kò sí níbẹ̀.

Lenz dúró, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ wo ibí! Bí yìnyín bá dé, síkì á dùn níbí ju oyin lọ!"

"Àwa la máa kọ́kọ́ fàlà síbẹ̀," ni Gebhard wí.

Àwọn ará ibẹ̀ mọ ohun tó ń sọ. Nínú ahéré Bàbá Lois tó wà nísàlẹ̀ òkè, ní òdìkejì odò, pátákó dúdú kan wà lára ògiri. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi síkì, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀ láti yọ̀ lórí yìnyín, fàlà sójú yìnyín tuntun, orúkọ rẹ̀ ni Bàbá Lois máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ síbẹ̀ títí ìgbà òtútù á fi parí. Àwọn yòókù á sì ra ọbẹ̀ gbígbóná fún un, èyí tí wọ́n fi búrẹ́dì àti wàràkàṣì tí wọ́n pò róbótó sí. Orúkọ Gebhard wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà lọ́dún tó kọjá. Ti Vroni kò débẹ̀ rí.

Nígbà tó di oṣù kìíní, yìnyín rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú afẹ́fẹ́ líle. Lọ́jọ́ kẹrin, oòrùn yọ. Kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, àwọn mẹ́rin ti wà nínú ahéré, wọ́n ń mu tíì.

"Ìròyìn àárọ̀ yìí ní ewu kí yìnyín ya láti òkè wà ní ìpele kẹta nínú márùn-ún," Bàbá Lois kìlọ̀ fún wọn. "Afẹ́fẹ́ ti kó yìnyín jọ sábẹ́ àwọn àpáta. Ẹ ṣọ́ra o."

"Kẹta nínú márùn-ún," Gebhard dáhùn. "Àárín méjì ni. Kò burú."

"Tíṣà, nígbà tí mo gba ìdajì máàkì nínú ìṣirò, ṣebí ìwọ lo ní mo féèlì?" Lenz bi í.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Burgi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ tirẹ̀ kò dénú.

Wọ́n yẹ ẹ̀rọ àyà wọn wò níkọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kékeré tí kálukú so mọ́ àyà, èyí tó máa ń jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí èèyàn wà bí yìnyín bá bò ó. Gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ṣọ́bìrì àti ọ̀pá gígùn tó ṣeé ká, tí wọ́n fi ń wá èèyàn lábẹ́ yìnyín, wà nínú báàgì kálukú. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé wọn ò ní ohun èlò. Ohun èlò wọn pé.

Wọ́n lẹ awọ mọ́ abẹ́ síkì kó má baà yọ̀ sẹ́yìn, wọ́n sì gba inú igbó gùn fún wákàtí kan ààbọ̀. Nígbà tí wọ́n dé etí ibi tí igbó ti là, Lenz la ẹnu sílẹ̀. Funfun báláú ni gbogbo rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹran kan kò tíì tẹ̀ ẹ́.

Gebhard ti ń ṣí awọ kúrò lábẹ́ síkì.

Inú Vroni kò dùn sí ibẹ̀. Ó wo àwọn igi tó wà létí igbó. Ní apá tó kọjú sókè, wọn kò ní ẹ̀ka kankan. Ẹ̀ka tó ṣẹ́kù, ìsàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ kọjú sí. Ó rántí oṣù kẹfà, ó rántí ayùn rẹ̀.

"Gebhard, dúró."

"Kí ló dé? Ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rù ń bà mí. Ta ló gé igi ibí?"

"Igi wo?"

"Igi tí kò sí. Igbó wà lápá òsì, igbó wà lápá ọ̀tún. Àárín ṣófo. Ta ló gé e?"

"Bóyá àwọn darandaran ni."

"Darandaran kankan kì í da màlúù débí. Èmi ni mo máa ń kó òkú igi ibí ní gbogbo oṣù kẹfà. Lọ́dún tó kọjá, mẹ́rìnlélógún ni mo kó, gbogbo wọn ló sì dorí kọ ìsàlẹ̀. Yìnyín ló gé wọn. Abẹ́ àpáta yẹn ló ti ń ya wá. Ìwọ kì í dúró wò ó, torí ìgbà tí mo bá gbá a tán lo máa ń padà wá."

"Ogún ọdún ni mo ti ń gun òkè yìí, Vroni."

"Ogún ọdún lo fi ń gun ilẹ̀ tí ẹlòmíì gbá."

"Vroni, má bà á jẹ́ fún wa," Lenz bẹ̀ ẹ́. "Bàbá Lois ti mú ṣọ́ọ̀kì dání!"

"Lenz, mi ò ní lọ dúró níwájú màmá wa kí n ní mo rí i, mi ò sì sọ̀rọ̀. Bínú sí mi tó bá wù ọ́. Kò sí ìkankan nínú wa tó máa gba ibí."

Gebhard mi orí. "Ẹ wò ó, ó le." Ó ti síkì sójú yìnyín náà. Ìṣísẹ̀ kan. Èkejì.

Ní ìṣísẹ̀ kẹta, nǹkan dún lábẹ́ wọn: gbìì! Bí ìgbà tí ilé bá jókòó lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Yìnyín rì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ gbogbo wọn. Ilẹ̀ là tín-ín-rín láti orí síkì Gebhard, ó sì sáré lọ sókè bí òwú tí wọ́n fà.

Lenz tẹ̀ sẹ́yìn wọ abẹ́ igi.

"Padà," ni Vroni wí. Kò pariwo. "Ojú ẹsẹ̀ tí o fi wọlé ni kí o tẹ̀. Rọra."

Gebhard padà. Ojú rẹ̀ ti funfun bí eérú.

Burgi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Láti ahéré ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Mo rò pé èmi nìkan ni."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" ọkọ rẹ̀ bi í.

"Ò ń rẹ́rìn-ín."

Vroni ló wá ṣíwájú. Ó kó wọn wọ àárín igbó lọ, síbi tí òkè kò ti dà púpọ̀, tí àwọn igi àgbà sì ní ẹ̀ka yíká. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yọ̀ sílẹ̀. Háà! Yìnyín tuntun dé orúnkún, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Wọ́n ń yà sọ́tùn-ún, wọ́n ń yà sósì láàárín igi, ó ń ta kọjá lórí wọn. Lenz ń pariwo bí ẹni tó mutí yó. Burgi forí sọlẹ̀, ó rì dé ìbàdí, ó dìde pẹ̀lú yìnyín nímú, ó sì ń rẹ́rìn-ín, tòótọ́tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Wọ́n dé pápá tó wà ní òdìkejì odò, tó jìnnà sí abẹ́ àpáta yẹn. Wọ́n dúró kí wọ́n mí. Oòrùn ti wá tàn sójú àpáta lókè.

Wọ́n gbọ́ ariwo kí wọ́n tó rí i. Gbogbo ibi tó ṣófo yẹn já lẹ́ẹ̀kan náà, láti abẹ́ àpáta dé odò. Kí èèyàn tó ka ení dé ẹ̀wá, ó ti parí. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbọn igi igbó. Nígbà tí eruku funfun náà wálẹ̀, ojú ẹsẹ̀ mẹ́ta tí Gebhard tẹ̀ kò sí mọ́.

Gebhard ka iye àwọn tó wà níbẹ̀: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Ó tún wọn kà. Lenz di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Bàbá Lois ti gbọ́ ariwo náà. Ẹnu ọ̀nà ahéré ni wọ́n bá a, fóònù lọ́wọ́. Nọ́ńbà àwọn adóòlà orí òkè ni 140; ó ti tẹ ọ̀kan àti mẹ́rin, òdo ló kù kó pè wọ́n.

"Ẹ̀yin mélòó?" ó kígbe láti òkèèrè.

"Mẹ́rin!" ni Lenz ké padà. "A pé mẹ́rin!"

Bàbá àgbà náà fara ti ògiri. Nígbà tí wọ́n wọlé, Gebhard gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sórí pátákó dúdú: "Ọ̀nà Ewúrẹ́. Vroni. Kò gbabẹ̀."

Abọ́ ọbẹ̀ mẹ́ta dé iwájú Vroni.

"Mi ò lè jẹ gbogbo èyí."

"Jẹ ẹ́," gbogbo wọn dáhùn.

Nígbà tí oṣù kẹfà tún dé, igi mọ́kànlélógójì ló wà nílẹ̀. Vroni gbé ayùn rẹ̀ débẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ó sì bá Gebhard níbẹ̀, ó ti wọ ìbọ̀wọ́, ó ń fa igi.

"Ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Ó ti san."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun òkè, ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ẹ gbọ́ ìròyìn yìnyín kí ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ìpele kẹta kì í ṣe àárín méjì: ewu tó ń pa èèyàn ni. Ẹ̀rọ àyà, ṣọ́bìrì àti ọ̀pá dára, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lọ láìmú wọn, àmọ́ lẹ́yìn tí yìnyín bá ya tán ni wọ́n wúlò. Bí ilẹ̀ bá dún lábẹ́ yín, tàbí tó là, ẹ padà. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, sọ ọ́ síta, torí ó ṣeé ṣe kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ máa dúró de ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ ọ́. Bí ẹnì kan péré bá ní òun kò lọ, kí gbogbo ẹgbẹ́ yà, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹ bá ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá, ẹ bọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ wo àwọn igi. Bí ibì kan bá sì mọ́ jù láàárín igbó, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó gbá a.